Ìjàpá mi kì í stáàtì tó bá ti gbóná

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ mọ́tò Ìjàpá (Volkswagen Beetle) oní-kabúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ẹ gbà mí. Láàárọ̀, kíkì kan ló ti máa ń dáhùn, àmọ́ tí mo bá wà á láti Adó gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí mo wá pa á díẹ̀, kò ní stáàtì mọ́ àfi tó bá tutù, òórùn pẹtiróò á sì gba gbogbo ibẹ̀. Mo ti pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì, mẹkáníìkì ti fọ kabúrétọ̀, pàbó ni. Mo ṣí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, mo rí i tí epo ṣì ń kán tó, tó, sí ọ̀fun kabúrétọ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Ṣé nídù (abẹ́rẹ́ tó ń dí ọ̀nà epo) inú kabúrétọ̀ ni kò dí epo dáadáa mọ́ ni àbí ooru ló ń se epo náà? Báwo ni mo ṣe máa dá méjèèjì mọ̀ kí n tó náwó sórí kabúrétọ̀ tuntun?