Níbo la ti lè yẹ kíndìnrín màámi wò l'Óṣogbo?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ó ti tó ọdún 9 tí màámi ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Báyìí, tí wọ́n bá fi máa ti Ọjà Ọba dé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ wọn á ti wú, ojú okùn bàtà á hàn kedere. Ìtọ̀ wọn náà ń hó bí ọṣẹ. Nọ́ọ̀sì kan ní ká lọ yẹ ìtọ̀ wò bóyá protein wà níbẹ̀, ká sì yẹ creatinine (ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò) inú ẹ̀jẹ̀ wò, torí kíndìnrín lè ti máa bàjẹ́ láìdun èèyàn rárá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, nítorí "kò síbi tó ń dùn mí" ni màámi ń sọ, àgbo ni wọ́n ṣì ń mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, níbo nítòsí Ọláìyá ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì? Eélòó ni? Báwo lẹ ṣe bá àwọn òbí yín sọ ọ́ tí wọ́n fi gbà láti lọ?