«Gígùn ìfò» kò lè dúró: ìjìnnà lọ̀tọ̀, ìpẹ́ lọ̀tọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣẹ̀dá lánàá, «gígùn ìfò», tí ẹ ní ká fi máa pe bí pápákọ̀ òfurufú méjì ṣe jìnnà síra, ká sì tún fi máa pe wákàtí tí bàálù ń lò láàárín wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí létí rárá.

Ẹ wo Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù sí JFK ní New York. Nǹkan bíi kìlómítà 5,540 ni, ì báà ṣe lálọ tàbí lábọ̀. Àmọ́ àlọ sábà máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 8, àbọ̀ lè má pé 7, nítorí atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn: á dojú kọ bàálù lálọ, á tì í lẹ́yìn lábọ̀. Ilẹ̀ ò sún, wákàtí ló dín. Èwo wá ni «gígùn» níbẹ̀?

Ẹ ní a ń sọ pé «ẹ̀mí gígùn», nítorí náà gùn lè wọn àkókò. Mo gbà fún ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ pé ìpàdé gùn fún wákàtí méjì? Ó pẹ́ là ń wí. Ta ló sì ń béèrè bí Singapore ṣe gùn sí New York tó? Ó jìn là ń wí. Okùn ló ń gùn.

Ẹ tún kọ ọ́ láìfàmì sí: «gigun»! Gígún abẹ́rẹ́ ni, àbí gígun ẹṣin? Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, á ní, «Lọ kà á sí ìyá rẹ létí, kó o wo ojú rẹ̀.» Mo ka tiyín sí ìyá mi létí lálẹ́ àná. «Kí ló gùn?» ló bi mí.

Ohun tí mo fi lélẹ̀ nìyí: «Ìjìnnà Changi ní Singapore sí JFK lé ní kìlómítà 15,300, ìpẹ́ rẹ̀ lófurufú lé ní wákàtí 18.» Ó yé ọmọdé, ó yé àgbà.

Àǹtí wa ní ìpẹ́ ẹja ni òun ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ ọ́ pọ̀, «ìpẹ́lófurufú», ẹja á kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á ní kí n ṣe bákan náà fún gígùn. Rárá o. Pẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ àkókò láti ilẹ̀ wá. Gùn la fẹ́ fi tipátipá rán níṣẹ́ yìí.

Ní ti ẹni tó ní fò ò yẹ bàálù, pé ti àkèré ni, ṣé kò gbọ́ «ojú ọ̀run tẹ́yẹ ẹ́ fò láì fara kanra» rí? «Rà bàbà» tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, àṣá tó ń wo ilẹ̀ kó tó já ṣòòrò wálẹ̀ ló ń rà bàbà. Bàálù tó ń lọ tààrà ò rà bàbà. Mi ò gbà á níjẹta, mi ò tíì gbà á lónìí.