Ẹyẹ tó ń gbọ̀n ìrù ní Unilag: ṣé takọtabo ni wọ́n?

Bàbá Ṣómólú: Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹyẹ. Láàárọ̀ yìí létí ọ̀sà ní Unilag mo rí ẹyẹ tíntín méjì, ńṣe ni wọ́n ń sáré kiri lórí koríko, ìrù wọn ń lọ sókè sódò bíi pé bátìrì wà nídìí wọn, ọ̀kan dúdú òun funfun, inú èkejì yẹ́lò. Ìyàwó mi ní akọ àtabo ni, mo ní irọ́ ni, a ti fi súyà ta tẹ́tẹ́. Ta ló jàre?

Ọmọ Adẹ́yẹ: Bàbá, ẹ lọ gba súyà yín. Dúdú-funfun yẹn, African pied wagtail ni, onílé ni, ọdún yípo ló wà níbí, akọ dúdú-funfun, abo náà dúdú-funfun. Yellow wagtail lèkejì, àlejò láti Yúróòpù, bíi Sẹ̀tẹ́ńbà sí Ọ̀kítóbà ni wọ́n ń dé, tó bá fi máa di Épírì wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Ara tí ò ju bíi gíráàmù 17 lọ ló fò kọjá Sàhárà o!

Ìyá Ìbejì Yábàá: Èyí tí mo rí níwájú ilé wa ńkọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ rí bí eérú, mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé white wagtail ni 😩

Ọmọ Adẹ́yẹ: Hàà, mọ̀mí, ẹ rọra. Ó jọ ọmọ pied tí ò tíì gbó, ẹ̀yìn tiwọn máa ń rí bẹ́ẹ̀ kó tó dúdú. Ojú ni kẹ́ ẹ wò. White wagtail, gbogbo ojú ẹ̀ ló funfun báláú, pied ní tiẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ò funfun, ìlà funfun kan ló gba òkè ojú ẹ̀ kọjá. Apá Òkè Ọya ni white sì sábà máa ń dúró sí.

Alágbàwò: Ẹ tún wo orí àwọn yẹ́lò yẹn ní bíi Máàṣì tí akọ bá ti pààrọ̀ ìyẹ́. Orí àwọn kan rí bí eérú tó fẹ́ ṣe búlúù, wọ́n ní ìlà funfun lókè ojú, àwọn tó ń yé ẹyin lápá Norway àti Sweden, orí tiwọn ṣú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìlà, ẹyẹ kan náà ṣáá ni o. Ẹ wo ẹsẹ̀ náà, ti yellow dúdú. Tí ẹsẹ̀ bá pọ́n díẹ̀ tí ẹ̀yìn jẹ́ eérú tí ìrù wá gùn gbọọrọ, grey wagtail nìyẹn, mi ò rí i l'Ékòó rí.

Bàbá Ṣómólú: Ẹ ṣé gan-an. Ìyàwó mi ti kà á tán, ó ní ṣé àwọn méjèèjì ò kúkú ń gbọ̀n ìrù ni, mo ṣì máa ra súyà náà.