Kí ni kí a yẹ̀ wò nínú omi kànga kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò èédú?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbẹ́ kòtò gbangba láti wa èédú nítòsí oko wa. Ìwé àyẹ̀wò àyíká wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí eruku, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló fi kan omi abẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi tí wọ́n bá ń fà kúrò nínú kòtò lè mú kí kànga gbẹ, òkúta tó ní imí-ọjọ́ nínú sì lè sọ omi di kíkan bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Mo ti ń fi okùn tí mo so òkúta mọ́ wọn bí omi kànga wa ti jìn tó, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èyíkéyìí nínú yín tó mọ̀ ọ́n, kí ló tún yẹ kí a yẹ̀ wò nísinsìnyí, kí ẹ̀rí wa lè múlẹ̀ bí omi náà bá yí padà? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.