Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni "to read", ìgbà wo ni "reading"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC, èmi ni mo sì ń kọ́ ọ nílé. Ibi gerund (ọ̀rọ̀ ìṣe tó ní "-ing" tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ orúkọ, bíi "reading") àti infinitive (èyí tó ní "to" níwájú, bíi "to read") ni a há sí.

Mo ní kó máa fi Yorùbá gbé e yẹ̀ wò: "láti jẹ" ni "to eat", "jíjẹ" ni "eating". Ó kọ́kọ́ ràn wá lọ́wọ́, àfìgbà tó kọ "I enjoy to read". Mo ní "reading" ni. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí "want" fi ń gba "to read", tí "enjoy" ò gbà á. Mi ò rí èsì fún un.

Àwọn tí ìtumọ̀ wọn ń yí padà yé mi díẹ̀. "She stopped to talk": ó dúró kó lè sọ̀rọ̀. "She stopped talking": ó dákẹ́. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni "I look forward to seeing you". "To" wà níbẹ̀, "-ing" ṣì tẹ̀ lé e! Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ "to see" sínú lẹ́tà.

Ṣé òfin kan wà tí ọmọ lè dì mú, àbí ká kàn há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún wa.