Àkọ̀ awọ fún ọ̀bẹ àpò: ẹ sọ ìrírí yín

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ̀yin oníṣẹ́ awọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀bẹ àpò kan bọ̀ fún mi láti ilẹ̀ Faransé, Opinel nọ́ńbà 8, onígi. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi rán àkọ̀ rẹ̀, torí èyí tí mo rà lọ́jà rọ̀ jù, ọ̀bẹ ń yọ́ jáde nínú rẹ̀ tí mo bá wà lórí ọ̀kadà. Kí lẹ ti rí nídìí iṣẹ́ yìí?

Aránbàtà, Ọ̀yọ́

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi. Ọ̀yọ́ níbí ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń rán làbà Ṣàngó àti tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n àwọn àkọ̀ tó ti bàjẹ́, tí àwọn èèyàn ń gbé wá pé kí n bá wọn tún ṣe, ló kọ́ mi jù. Bí mo bá ti tú u, inú ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wà á rí i pé òwú ti já, awọ ti wú, síbẹ̀ ọnà tí wọ́n fín sí ìta ṣì ń dán.

Irú awọ ló jẹ́ kí tìrẹ rọ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní kúróòmù ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú awọ bàtà àti báàgì tó wà lọ́jà. Ó wúlò, àmọ́ bó o rẹ ẹ́ sómi tó o tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀bẹ, kò ní gba àpẹẹrẹ ọ̀bẹ náà. Awọ tí wọ́n fi èèpo tàbí èso igi ṣe ni kó o wá, irú èyí tí àwọn ará Kánò ń fi èso bagaruwa ṣe. Gé etí rẹ̀ díẹ̀ kó o wo àárín: bí àárín bá ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ búlúù, awọ kúróòmù ni. Awọ ewúrẹ́ máa ń fẹ́lẹ́, nítorí náà ìpele méjì ni mo máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Awọ màlúù tó nípọn tó mìlímítà 2 sí 3 tó tán, bó o bá rí i rà, torí àwa àti àwọn tó ń jẹ pọ̀nmọ́ la jọ ń du ohun kan náà.

Rẹ awọ náà sínú omi títí afẹ́fẹ́ kò fi ní máa hó jáde lára rẹ̀ mọ́. Yọ ọ́, jẹ́ kó fà títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi fẹ́ padà sí ti tẹ́lẹ̀; àsìkò yẹn gan-an ló máa ń gbọ́ràn. Fi náílọ́ọ̀nù wé ọ̀bẹ, má fo èyí o! Bí irin bá kan awọ tútù tí wọ́n fi èso igi ṣe, àmì dúdú ni yóò yọ, kì í sì í ṣí bọ̀rọ̀. Ọ̀bẹ rẹ ní òrùka irin lọ́rùn, tí wọ́n fi kún un ní 1955 kó lè máa ti ẹnu rẹ̀, kó má baà ká lójijì. Fi àtàǹpàkò tẹ awọ yí òrùka yẹn ká dáadáa, ibẹ̀ ni àkọ̀ yóò ti máa dì í mú, kò sì ní yọ́ mọ́. Inú ibòji ni kó ti gbẹ mọ́jú. Oòrùn á mú kó súnkì, á sì mú kó máa là.

Fọwọ́ rán an. Bí òwú ẹ̀rọ bá já lójú kan, ìyókù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Òwú kan, abẹ́rẹ́ méjì ni tèmi: ọ̀kan láti ọ̀tún, ìkejì láti òsì, nínú ihò kan náà tí mo fi òòlu lu. Bí ojú kan já, apá kejì ṣì ń di awọ mú. Gé òwú ní ìlọ́po mẹ́rin ibi tó o fẹ́ rán, fi ìda oyin pa á. Tó o bá dé ẹnu àkọ̀, rán an padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń fà jù.

Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ tí kì í ká, fi ọ̀já awọ kan sí àárín ìpele méjèèjì níhà ẹnu ọ̀bẹ, kí ẹnu rẹ̀ má baà máa gé òwú. Bí kò bá sí i, ohun tí àwọn àgbà wí ni yóò ṣẹlẹ̀: idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Obìnrin oníṣẹ́ awọ, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú làákàyè, Bàbá. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ẹnu àkọ̀. Èmi tún máa ń gé ẹnu rẹ̀ ní àbọ̀ òṣùpá, kí ìka lè rí èkù ọ̀bẹ mú. Etí awọ ni mo máa ń pẹ́ sí jù: sáńpépà, omi díẹ̀, kí n wá fi igi dídán ra á títí yóò fi gbóná tí yóò sì máa dán. Etí tí a kò rà, omi ló ń gbà wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi irú ọ̀bẹ yìí ránṣẹ́ sí ará ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fiyè sí òfin. Ọ̀bẹ tó ń ká, tí ẹnu rẹ̀ kò ju íǹṣì 3 lọ, tí kò sì ní ohun tó ń tì í, èèyàn lè mú un rìn nígboro. Opinel nọ́ńbà 8 ní òrùka tó ń tì í, ẹnu rẹ̀ sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8.5, ó ju íǹṣì 3 lọ. Ẹni tó bá mú un jáde gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi, àkọ̀ dáadáa kò sì yí ìyẹn padà. Mo máa ń sọ fún oníbàárà kí n tó gbowó.

Àgbẹ̀, Ṣakí

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nínú àkọ̀ fún ìgbà pípẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Awọ ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ọ̀bẹ á sì dípẹtà. Mo máa ń fi òróró díẹ̀ nù ún, kí n gbé àkọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ní ti àmì dúdú tí Bàbá wí, mo ń fi í pa àkọ̀ mi láró. Mo máa ń rẹ ìṣó tó ti dípẹtà sínú fínígà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, mi ò sì ń dé ìgò rẹ̀ pa, torí ó ń yọ afẹ́fẹ́. Mo á sẹ́ ẹ, mo á fi aṣọ pa á sára awọ. Ojú ẹsẹ̀ ló ń dúdú, kò sì ń ṣí sára aṣọ bíi ti aró ìgò. Lẹ́yìn náà, mo á fi omi tí mo po béékìn sódà sí nù ún kí kíkan rẹ̀ lè kúrò, mo á ṣàn án, mo á sì fi òróró pa á kó má baà gan.