Tábílẹ́ẹ̀tì tómi ò lè wọ̀, ṣé ó lè bá wa ṣiṣẹ́ aró?

Aláró_ÒkèFìà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ àdìrẹ ni mò ń ṣe níbí l'Óṣogbo, ẹlẹ́kọ àti oníko, mo sì ń ṣe bàtíkì pẹ̀lú. Orí ìwé ni mo ti máa ń ya bátànì mi, ìwé yẹn á sì ti rin gbingbin kó tó dọ̀sán, àwòrán tí kọ́sítọ́mà bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, inú fóònù kékeré ni mo ti ń fẹjú wò ó. Fóònù méjì lomi ti bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọdún kan, èkejì yẹn inú báàfù tá a fi ń ṣan aṣọ ló já sí, mo yọ ọ́, mo kì í sínú ìrẹsì, kò tàn mọ́. Ó dùn mí wọra torí gbogbo àwòrán iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀.

Ni mo bá ní kí n kúkú ra tábílẹ́ẹ̀tì tómi ò lè wọ̀. Mi ò fẹ́ gbàǹgbà, bí íńṣì 8 báyìí tí mo lè fi ọwọ́ kan dì mú, tó ní bírò tí mo lè fi yàwòrán. Ẹnì kan tó ń ta tòkunbọ̀ fi mẹ́ta hàn mí: Sony Xperia Z3 Tablet Compact, Samsung Galaxy Tab Active3 àti iPad mini. Ó ní omi ò lè ṣe ìkankan nínú wọn ní nǹkan. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ bá mi dá sí i, mi ò fẹ́ kówó sómi lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀rọ_Ọláìyá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Fóònù ni mò ń tún ṣe, tábílẹ́ẹ̀tì tí mo ti ṣí ò lóǹkà.

Ẹ kọ́kọ́ yọ iPad mini kúrò. Apple ò kọ IP, ìyẹn àmì tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe lè dènà eruku àti omi tó, sí iPad kankan, àtèyí kékeré àtèyí ńlá, ẹni tó ní omi ò lè ṣe é ní nǹkan ò sọ òótọ́ fún yín. Ó dáa fún yíyàwòrán, àmọ́ tó bá já sí báàfù, bí ti fóònù yín náà ló máa rí.

Sony yẹn, 2014 ló jáde. Ó fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́ gan-an, gíráàmù 270 péré, wọ́n sì kọ IP68 sí i lóòótọ́, àmọ́ ihò ṣájà ẹ̀ ní ọmọrí kékeré kan tó gbọ́dọ̀ dé pinpin kómi tó ní wọlé, ẹ wo iye ọdún tí ọmọrí yẹn ti ń gbó bọ̀. Tẹ́nì kan bá sì ti ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ rí láti pààrọ̀ bátìrì, gọ́ọ̀mù tó ń dènà omi ti já nìyẹn. Kò ní bírò, Android 6 ló parí sí. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ó ku Active3, ọdún 2020 ló jáde, IP68 lòun náà. 6 tó wà nínú IP68 yẹn, eruku ni, pé kò lè wọlé rárá, ìyẹn á wúlò fún wa nígbà ọyẹ́. 8 ni ti omi, Samsung ní ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà 1.5 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bírò ẹ̀ gan-an IP68 ni. Bátìrì ẹ̀ ṣe é yọ, 5050 mAh, tó bá ti kú ẹ kàn ra òmíràn ni. Àmọ́ ibi tó dáa sí yẹn náà lewu ẹ̀ wà: rọ́bà kan yí inú ẹ̀yìn ẹ̀ ká, tí fọ́nrán ìko kan ṣoṣo bá há síbẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá dé e tẹ́ ò tẹ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yíká, omi á bá ibẹ̀ wọlé, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa dá lẹ́bi.

Ẹlẹ́ja_ÌdóỌ̀ṣun:
Active3 yẹn ni mò ń lò létí póǹdù, òun ni mo fi ń kọ iye oúnjẹ tí ẹja jẹ. Ó ti já sínú omi lọ́wọ́ mi, mo sì ń lò ó títí dòní. Nǹkan tẹ́nì kan ò sọ fún mi kí n tó rà á ni pé tómi bá ti dà sójú ẹ̀, kì í gbọ́ ti ìka mọ́ dáadáa, á máa ṣí ohun téèyàn ò tẹ̀. Bírò ẹ̀ ló gbà mí, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ bójú ẹ̀ tiẹ̀ tutù, bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ náà ṣe é tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wọ ìbọ̀wọ́, ibì kan wà nínú sẹ́tíǹsì tẹ́ ẹ máa tàn.

ỌmọÒròkí:
Kí ló dé tẹ́ ò ra tábílẹ́ẹ̀tì lásán kẹ́ ẹ kì í sínú náílọ́nì tómi ò lè wọ̀, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn yẹn? Owó ẹ̀ ò tó nǹkan.

Ẹ̀rọ_Ọláìyá:
@ỌmọÒròkí, fún wákàtí kan ó dáa. Ẹni tó ń yàwòrán látàárọ̀ ńkọ́? Á gbóná nínú ẹ̀, bírò ò sì ní yọ̀ lórí náílọ́nì bó ṣe yẹ.

Aláró_ÒkèFìà:
Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ omi kànga kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Omi aró ńkọ́? Kẹ́míkà sódà àti háídírò la fi ń rẹ ẹ́, ó sì máa ń ta sí gbogbo nǹkan.

Ẹ̀rọ_Ọláìyá:
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan àwọn èèyàn. Omi tó mọ́ tí kò níyọ̀ ni ti IP68 yẹn, omi aró ò sí níbẹ̀, omi ọṣẹ pàápàá ò sí níbẹ̀. Sódà máa ń jẹ gọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀, tó bá kan álúmíníọ̀mù ńkọ́, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe sódà òyìnbó nìkan o, omi eérú táwọn ìyá wa fi ń rẹ aró náà ń jó nǹkan bákan náà. Kò ní bà jẹ́ lọ́jọ́ tó bá ta sí i, á máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀ ni, ọjọ́ tó bá wá já sómi lásán lẹ ó tó mọ̀ pé rọ́bà ti lọ. Tó bá ta sí i, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án lójú ẹsẹ̀, ẹ nù ún, ẹ má ki ṣájà bọ̀ ọ́ títí ihò ẹ̀ á fi gbẹ. Kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà síbi tẹ́ ẹ ti ń yọ́ àbẹ́là bàtíkì, ooru omi gbígbóná ò sí nínú ohun tí IP68 ń dáàbò bò.

Torí ìlú aró la wà, mi ò lè ní kẹ́ ẹ má rà á. Ẹ rà á fún ibi ṣíṣan aṣọ àti yíyàwòrán, ẹ má gbé e dé ẹnu ìkòkò.

Aláró_ÒkèFìà:
Ó yé mi wàyí. Active3 ni mo máa mú, mo máa kan pákó kékeré kan mọ́ ògiri níbi tí aró ò lè ta dé, ibẹ̀ ló máa wà. Tòkunbọ̀ ni sá, kí ni mo máa yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ẹ̀rọ_Ọláìyá:
Ẹ ní kó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ níṣojú yín. Ẹ fi ìka tọ rọ́bà yẹn yíká, tó bá ti sán tàbí tó ti dúró ganpa, ẹ má sanwó. Ẹ wá sítíkà funfun kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ sínú fóònù, tó bá ti pọ́n, omi ti wọ̀ ọ́ rí.

Aláró_ÒkèFìà:
Ẹ ṣé o. Sátidé ni mò ń lọ, mo máa mú bírò àti ìbọ̀wọ́ mi dání kí n fi dán an wò níbẹ̀.